Ọfọ̀ wo ni kí Wizard ipele 5 múra sílẹ̀?

Àwọn tó ń fi Wizard (oṣó tó ń pe ọfọ̀ látinú ìwé) ta eré àfinúrò Dungeons & Dragons sábà máa ń ka dáìsì tó wà lára ọfọ̀ kí wọ́n tó yàn án. Ní tèmi, ohun tí ọfọ̀ máa gbà lọ́wọ́ ẹni ló yẹ ká kọ́kọ́ wò. Òfin ìtẹ̀jáde 2014 ni mò ń bá lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú Wizard ipele 5 tí Intelligence (ọgbọ́n orí) rẹ̀ jẹ́ 18. Ọfọ̀ 14 ló wà nínú ìwé rẹ̀: 6 tó fi bẹ̀rẹ̀, àti 2 ní ipele kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn náà. Yàtọ̀ sí cantrip, ìyẹn ọfọ̀ kéékèèké tí kì í gba slot, 9 péré ló lè múra sílẹ̀ lóòjọ́. Slot rẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tó lè pe ọfọ̀ kó tó sinmi, jẹ́ 4 fún ọfọ̀ ipò kìíní, 3 fún ipò kejì, 2 fún ipò kẹta.

Concentration, ìyẹn kéèyàn máa pọkàn pọ̀ kí ọfọ̀ má bàa já, ló ń ba ọ̀pọ̀ àkójọ jẹ́. Web, Fly, Slow, Haste, Hypnotic Pattern, gbogbo wọn ló ń béèrè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan ṣoṣo lèèyàn lè dì mú lẹ́ẹ̀kan. Bó o bá ti pe èkejì, ti àkọ́kọ́ já nìyẹn. Bí ọ̀tá bá sì ṣe ọ́ léṣe, wàá ju save (dáìsì tí a fi ń yẹ ewu) ti Constitution, ìyẹn okun ara: 10 ló gbọ́dọ̀ dé, tàbí ìdajì damage (iye ìpalára) náà, èyí tó bá pọ̀ jù. Haste ló burú jù níbi ká já, torí ẹni tó o pè é fún kò ní lè rìn tàbí ṣe ohunkóhun títí àṣìkò rẹ̀ tó kàn á fi kọjá. Mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni ní ju mẹ́ta irú ọfọ̀ yìí lọ nínú mẹ́sàn-án.

Lẹ́yìn náà, wo save tí ọ̀tá máa jù. Dexterity ni Fireball, Lightning Bolt àti Web jọ ń lò, nítorí náà ọ̀tá tí ara rẹ̀ yá máa ń yẹ gbogbo wọn. Fi èyí tó ń lo Wisdom kún un, àti ọ̀kan tí kò ní save rárá.

Bí mo ṣe máa tò ó nìyí: Shield, Mage Armor, Magic Missile, Misty Step, Web, Suggestion, Fireball, Hypnotic Pattern, Counterspell. Mẹ́ta péré ló ń gba concentration níbẹ̀. Shield àti Counterspell jọ ń jẹ reaction (ìgbésẹ̀ ìdáhùn, ẹyọ kan ní ìyípo) kan náà, torí náà má retí méjèèjì nínú ìyípo kan. Bonus action (ìgbésẹ̀ àfikún, yàtọ̀ sí action gangan) sì ni Misty Step: bó o bá pè é, cantrip nìkan lo tún lè fi action rẹ pè ní àṣìkò yẹn, kì í ṣe Fireball.

Má fi àyè ṣòfò lórí Detect Magic, Comprehend Languages tàbí Tiny Hut. Ritual ni wọ́n. Bí wọ́n bá ti wà nínú ìwé, Wizard lè pè wọ́n láìmúra wọn sílẹ̀, ìṣẹ́jú 10 ni yóò kàn fi kún un. Bó o bá rí wọn nínú ìwé ẹlòmíì, dà wọ́n kọ: wákàtí 2 àti gold 50 fún ipò kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé Tiny Hut á gba wákàtí 6 àti gold 150.

Ọ̀rọ̀ Sorcerer, oṣó míì tí kì í lo ìwé ọfọ̀, le ju èyí lọ. Ọfọ̀ 6 péré ló mọ̀ ní ipele 5, ìgbà tó bá gòkè ipele nìkan ló sì lè pààrọ̀ ẹyọ kan. Sleep, tó ń mú ọ̀tá sùn tí hit point (iye ẹ̀mí) wọn lápapọ̀ kò bá ju 5d8 (àpapọ̀ dáìsì 5 olójú 8) lọ, wúlò gan-an ní ipele 1, àmọ́ hit point àwọn ọ̀tá tètè ń ga jù ú lọ. Ní ipele 3, kó jù ú sílẹ̀, kó mú Misty Step.