Omi lásán kọ́ ló ń jáde lẹ́nu vape

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ní ikọ́ fée bíi tèmi, ẹ tètè sọ̀rọ̀ bí ẹnìkan bá yọ vape, ohun oníbátìrì tí wọ́n ń fà bíi sìgá, nínú ọkọ̀. Ẹ má dúró kí àyà ọmọ kọ́kọ́ máa dún. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ìkọ̀lé la ti wọkọ̀, à ń bọ̀ l'Ádó. Òjò ń rọ̀, gbogbo fèrèsé wà ní títì. A kọjá Ọyẹ́ tán ni ọmọkùnrin tó jókòó níwájú yọ vape. Ó ń ta sánsán bíi máńgòrò, ìyá kan tiẹ̀ ń yìn ín. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yìí ní ikọ́ fée." Ó rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, kì í ṣe sìgá o, omi lásán ni." Ó tún fà á.

Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Nígbà tó yá, ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀, awọ ìhà rẹ̀ ń wọnú ní gbogbo ìgbà tó bá mí. Ó fẹ́ pè mí: "Mọ́" jáde, "mì" kò jáde. Mo ní kí dẹ́rẹ́bà dúró, ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ ò rójò ni?" Mo ṣílẹ̀kùn lórí eré. Ìgbà yẹn ló tó dúró. (Wọ́n ní mo le jù. Ẹ wá gbọ́ "mọ́" yẹn lẹ́nu ọmọ tiyín ná.)

Inú òjò ni mo ti fún un ní ìnhélà. A dé ọsibítù, ara rẹ̀ ti yá.

Omi kọ́ o. Èròjà olómi tó ń jẹ́ propylene glycol àti glycerin ni agbára bátìrì ń mú gbóná tó fi ń di ìkùukùu, pẹ̀lú èròjà olóòórùn dídùn, àti nikotíìnì inú tábà lọ́pọ̀ ìgbà. Ó kúnná débi tó fi ń wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó kàn jókòó tì í. Ìwádìí kan láti California, tó jáde ní 2022, rí i pé àwọn ọ̀dọ́ tí ẹlòmíràn ń fa vape nínú ilé wọn máa ń wúkọ́, èémí wọn sì ń dí, ju àwọn tí ẹnikẹ́ni kì í fà á nínú ilé wọn lọ.

Ọwọ́ ni kí ìnhélà wà, kì í ṣe búùtù. Ẹ mú ike omi tí ẹ gbẹ́ ihò sí nídìí dání: ìnhélà á wọ ìdí ike, ẹnu ike á wà lẹ́nu ọmọ. Ẹ jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ẹ tètè sọ̀rọ̀, kódà bí wọ́n bá ń fi yín rẹ́rìn-ín. Èmi ti ń bi wọ́n báyìí kí n tó sanwó ọkọ̀: "Ta ló ń fa vape níbí?" Bí ẹnìkan bá dáhùn, mo ń dúró de ọkọ̀ mìíràn.