Òdòdó tí wọ́n fi òkúta ṣe

Iṣẹ́ tẹrásò ni bàbá mi fi tọ́ wa ní Abẹ́òkúta níbí, èmi ni mo máa ń bomi sílẹ̀ tí máṣíìnì bá ń lọ̀ ọ́, tí àwọn òkúta wẹ́wẹ́ yẹn á wá yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan, pupa, dúdú, funfun. Bóyá ìdí tí pietra dura, iṣẹ́ àwòrán tí wọ́n fi òkúta tí wọ́n gé to pọ̀ ṣe, fi wọ̀ mí lára tó báyìí nìyẹn.

Kò sí ọ̀dà níbẹ̀ rárá o. Òdòdó, ẹyẹ, èso, òkúta ni gbogbo ẹ̀. Wọ́n á ya àwòrán sí bébà, wọ́n á gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n á lẹ ìkọ̀ọ̀kan mọ́ òkúta pẹlẹbẹ tí kọ́lọ̀ ẹ̀ bá bá a mu, wọ́n á wá fi ayùn tó rí bí ọrun rẹ́ ẹ, igi tí wọ́n tẹ̀ tí wọ́n so wáyà tín-ín-rín mọ́, kò léyín kankan, lúbúlúbú òkúta líle tí wọ́n pò mọ́ omi ló ń bá wáyà yẹn jẹ òkúta náà díẹ̀díẹ̀. Fáìlì ló kù, wọ́n á fi ha etí ẹ̀ títí tí òun àti òkúta ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ á fi wọnú ara wọn.

Àmọ́ ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni yíyan òkúta. Tí ewé bá máa dúdú lápá kan, wọn ò ní kùn ún, wọ́n á wá ibi tí òkúta fúnra ẹ̀ ti ń dúdú lọ, ibẹ̀ ni wọ́n á gé. Àdìrẹ Ìtòkú tó bá pẹ́ lóòrùn á ṣá, èyí kì í ṣá.

1588 ni Ferdinando I de' Medici, ẹni tó ń jọba ní Florence ní Ítálì nígbà yẹn, dá ilé iṣẹ́ pietra dura sílẹ̀ níbẹ̀, ilé iṣẹ́ náà ṣì wà. Ní Agra ní Íńdíà, inú mábù funfun ni wọ́n gbẹ́ ojú ihò sí kí wọ́n tó to òkúta sí i, ẹ wo Taj Mahal, ibojì tí ọba Shah Jahan kọ́ fún ìyàwó ẹ̀ tó kú ní 1631.

Mo ti ń gbìyànjú ewé kan ṣoṣo pẹ̀lú àjẹkù gíránáìtì. Ẹnu ewé yẹn fò lẹ́ẹ̀mejì, torí gíránáìtì ní hóró, tó bá ti tín-ín-rín á já. Ẹ̀kẹta dúró, ṣùgbọ́n èékánná mi ṣì ń kọ́ ojú ibi tí ewé àti òkúta ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ti pàdé. Òkúta pupa tí àwọn ará Ìlọrin fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ làńtànà nígbà kan ló wù mí báyìí, ara ẹ̀ kì, kò ní hóró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lẹ́bìí tó ṣe làńtànà rí, ẹ jọ̀ọ́, àfọ́kù ẹ̀ ni mò ń wá.