Tẹ́mínà ni mo fi ń tú dátà CV báyìí o

Ẹni tó bá ń ṣe cyclic voltammetry (CV), ìyẹn ìdánwò tí wọ́n ti ń gbé fóltéèjì lọ sókè sódò tí wọ́n sì ń wọn iná tó ń kọjá, á mọ̀ pé ìdánwò gan-an kọ́ ló ń jẹ àkókò, fáìlì ni. Scan rate (bí fóltéèjì yẹn ṣe ń yára yí padà) 10, 25, 50, 100 mV fún ìṣẹ́jú àáyá kan, fáìlì ọ̀tọ̀ fún ìkọ̀ọ̀kan, kéèyàn wá máa ṣí wọn ní Excel níkọ̀ọ̀kan, ah, mi ò lè ṣeyẹn mọ́. Ètò Python kékeré kan ló ń bá mi ṣe é, màá kàn kọ orúkọ fóldà síwájú ẹ̀ ní tẹ́mínà, ìyẹn ojú ibi tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí lórí kọ̀ǹpútà, á wá góńgó òkè àti ti ìsàlẹ̀, á yọ ìyàtọ̀ fóltéèjì wọn. Tó bá jẹ́ ferrocene, kẹ́míkà tí wọ́n sábà fi ń yẹ ìdánwò yìí wò, ó yẹ kí ìyàtọ̀ náà wà ní bíi 57 mV ní 25°C, tó bá wá ń fẹ̀ sí i bí scan rate ṣe ń ga, ẹ kọ́kọ́ wo resistance inú omi kẹ́míkà yín kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù ló ń lọ́ra. Baseline, ìyẹn ìlà ìpìlẹ̀ tí wọ́n ti ń wọn gíga góńgó, nìkan ni mi ò jẹ́ kó dá ṣe, torí kọ̀ǹpútà á fa ìlà síbi tí ò yẹ, á sì fún yín ní nọ́ńbà tó rẹwà. Fáìlì .mpt ti EC-Lab, sọ́fítíwia tó ń darí ẹ̀rọ ìdánwò, ò le rárá, ìlà kejì ẹ̀ ló ń sọ iye ìlà tẹ́ ẹ máa fò kẹ́ ẹ tó débi dátà.