Wákàtí 300 Mi Nínú Cessna Kò Bá Mi Wọ RV-6A

Ọkùnrin tó ta bàálù náà fún mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ kàn án nínú gáréèjì ilé rẹ̀, ọdún mẹ́sàn-án gbáko. RV-6A ni, oníjókòó méjì. Èmi ti fi wákàtí 300 wa Cessna 172 ní Texas níbí, ọkàn mi sì balẹ̀ pé kò sí bàálù kékeré tó lè dà mí láàmú. Ètò mi ni pé kí èmi àti olówó ọkọ̀ yí pápá ká lẹ́ẹ̀mejì, kí n san owó tó kù, kí n gbé e wálé lọ́jọ́ náà.

A kò tíì débi tí bàálù ti ń gbéra tí mo fi wà á wọ inú koríko.

Ọkọ̀ kò fara pa, àmọ́ ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ojú ọkùnrin náà. Nínú Cessna, táyà iwájú so mọ́ pẹ́dàlì ẹsẹ̀: ẹ tẹ ti ọ̀tún, imú ọkọ̀ á yà sọ́tùn-ún. Táyà iwájú RV-6A kò so mọ́ nǹkan kan. Ńṣe ló ń yí kiri fúnra rẹ̀ bíi táyà kẹ̀kẹ́ tí a fi ń kó ọjà ní ilé-ìtajà ńlá. Bíréèkì lẹ ó fi máa darí rẹ̀, ọ̀tún lọ́tọ̀, òsì lọ́tọ̀, bí ẹ bá sì tẹ ọ̀kan jù, ó di inú igbó. Lọ́wọ́ ọ̀tún tí olówó ọkọ̀ jókòó sí, bíréèkì kò sí níbẹ̀ rárá. Ariwo nìkan ló rí pa. Ẹni tó mọ dáńfó wà, tí wọ́n wá gbé ọ̀kadà fún ní Ọjọ́ta, ẹ̀yin náà mọ ibi tó máa já sí.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo lọ ka ìròyìn ìwádìí ikú John Denver, olórin Amẹ́ríkà. Ní October 12, 1997, bàálù àfọwọ́ṣe Long-EZ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà já sínú òkun lẹ́bàá Pacific Grove ní California. Kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì o. Wákàtí rẹ̀ lójú òfurufú lé ní 2,700. Ṣùgbọ́n ẹni tó kan ọkọ̀ yẹn ti gbé ohun tí a fi ń yí epo láti táńkì kan sí èkejì sẹ́yìn èjìká òsì awakọ̀, kò sì rí bẹ́ẹ̀ nínú àwòrán ẹni tó ya ọkọ̀ náà. Kí ọwọ́ tó lè dé ibẹ̀, ó di kí èèyàn fi ara yí padà. Àjọ NTSB, tó ń wádìí jàǹbá ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà, gbà pé níbi tó ti ń nà án ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tẹ pẹ́dàlì rudder ọ̀tún, èyí tó ń yí imú ọkọ̀ sọ́tùn-ún. Wọ́n sì ka àìtó ẹ̀kọ́ lórí irú ọkọ̀ yẹn mọ́ ohun tó fa jàǹbá náà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo pe olówó ọkọ̀, mo ní kó bá mi tọ́jú rẹ̀ fún oṣù kan.

Ẹ pe ilé-iṣẹ́ adójútòfò kí ẹ tó sanwó ọkọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tèmi ní àwọn ò ní dá sí i àfi tí mo bá kọ́kọ́ fi wákàtí márùn-ún kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ olùkọ́ tó mọ RV. Bí olùkọ́ náà bá fẹ́ fi bàálù àfọwọ́ṣe tirẹ̀ kọ́ yín, tó sì ń gbowó lórí rẹ̀, ẹ béèrè ìwé àṣẹ tí FAA, àjọ tó ń ṣòfin ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà, ń pè ní LODA lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ni mo rí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọn ò jẹ́ ká gbéra. Wákàtí méjì la fi wa ọkọ̀ nílẹ̀, láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, títí orúnkún mi fi yé gbọ̀n. Lọ́jọ́ kejì a gòkè lọ, wọ́n ní kí n máa dín eré kù títí ìyẹ́ kò fi ní lè gbé wa mọ́. Cessna ní fèrè tó máa ń ké kí ó tó dé bẹ́ẹ̀. RV tiwọn kò ní. Ó kàn gbọ̀n díẹ̀, ó sì jábọ́. Ìyẹ́ rẹ̀ kúrú, bíi mítà 7, nígbà tí ti Cessna jẹ́ 11. A ṣe é títí ìdí mi fi ń mọ̀ ọ́n kí ojú mi tó mọ̀ ọ́n. Ìbalẹ̀ ló gba wákàtí tó kù. Ẹsẹ̀ iwájú RV-6A tínrín, tó bá fi òun kanlẹ̀ gbàgà, ó lè ká, kí ọkọ̀ dojú dé. "Fa ọ̀pá mọ́ra, má jọ̀wọ́ rẹ̀!" Mo ń gbọ́ ọ lójú oorun.

Mo rò pé ó ti parí. Bàbá ní kí n lọ jókòó sínú tèmi kí n tó wà á. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé knot (máìlì orí òkun ní wákàtí kan, tó gùn ju máìlì lásán lọ) ni aago eré tiwọn ń kà, tèmi ń ka máìlì lásán. Márùndínláàádọ́rin tí mo fi ń balẹ̀ nínú ọkọ̀ wọn, bí mo bá wá a lójú aago tèmi, knot 56 péré ni, ìyẹn kò sì jìnnà sí ibi tí ìyẹ́ ti ń juwọ́ sílẹ̀. Ẹ wo ikú! Nǹkan tí ẹnì kankan kò sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo rà á.

Kí ọwọ́ mi lè mọ ibi tí nǹkan wà nínú ọkọ̀ tèmi láìwò, ìyàwó mi fi ìborùn rẹ̀ dì mí lójú, ó ń pe orúkọ nǹkan, èmi ń nawọ́ kàn án. Ẹ̀rín ló ń fi mí rín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní pọ́ǹpù epo, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ súìsì flap (abala ìyẹ́ tí a ń sọ kalẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ balẹ̀), torí méjèèjì jọra bí ìbejì, wọ́n sì wà pọ̀. Mo lẹ téèpù pupa mọ́ ti pọ́ǹpù. Epo gan-an, nínú Cessna mo máa ń fi í sí táńkì méjèèjì ni, mo sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. RV kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ni, bí ẹ kò bá yí i, ẹ́ńjìn lè kú lókè nígbà tí epo ṣì kún táńkì kejì. Mo ra aago kan tó ń dún ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ìwádìí tí NTSB gbé jáde ní 2012 ka bàálù àfọwọ́ṣe 227 tó ní jàǹbá ní Amẹ́ríkà ní 2011. Ó lé ní ìdajì wọn tó jẹ́ àràtúntà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn án fúnra yín, ó kéré tán ẹ mọ ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan gbà. Àwa tí a rà á, orí ẹlòmíràn la jókòó lé.

Téèpù pupa yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ náà lọ́wọ́ mi lọ́la, ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kí n tó fún un ní kọ́kọ́rọ́.