Re Mí Dò

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìbàdàn ló ti ṣẹlẹ̀, kó tó di pé EFCC ń wọ́ àwọn tó ń náwó lóde lọ sí kóòtù. Ọdún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ ìlù rèé, gángan wà lábíyá mi, ohun tí ọ̀gá mi bá sì ti kọ́ mi náà ni mò ń lù. Kí n dá tèmi lù? Ká má rí i! Gbogbo ẹlẹgbẹ́ mi ló ń jẹ́ Àyàn báyìí, Àyàn tọ̀hún. Èmi rèé, télọ̀ ni bàbá mi.

Bí ọ̀gá mi ṣe rí ìrẹsì ọ̀fadà báyìí, ó ní, "Máa bá wọn fà á lọ, mò ń bọ̀." Ibẹ̀ ni bàbá kan ti wọlé, agbádá ń gbálẹ̀, iyùn lọ́rùn ọwọ́, owó lọ́wọ́. Iwájú mi gan-an ló dúró sí. Àtẹ́lẹwọ́ mi ti rin, kọ̀ǹgọ́ ń yọ̀ bí ọṣẹ, oríkì tí mo kọ́ sórí ti fò lọ. Mo ní kí n ṣáà sọ ohun tí ojú mi rí. Mo fún ọsán pọ̀: "Olóyè ti dé! Olóyè ti dé!"

Ó dùn létí ara mi. Orí mi wú, mo tún un lù.

Ni ìyá arúgbó kan tó ń fọ́ egungun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bá gbè mí lẹ́sẹ̀: "Olóṣì ti dé! Olóṣì ti dé!"

Ẹ fẹnu wọn ọ́n wò. Olóyè, re mí dò. Olóṣì, re mí dò. Ìlù ò mọ ṣ yàtọ̀ sí y. Ìdí nìyẹn táwọn àyàn fi máa ń fa ọ̀rọ̀ gùn, kí ìyókù gbólóhùn lè tú u. Ọ̀gá mi ti sọ ọ́ títí, mo rò pé àsọdùn lásán ni.

Àwọn aláṣọ ẹbí ti gba orin. Bàbá kó owó padà sápò. Mo wo ọ̀gá mi: ìrẹsì ti dí i lẹ́nu, èjìká rẹ̀ ń mì tẹ̀rín-tẹ̀rín, kò sì dìde. Ni mo bá di ojú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà á gùn: "Olóyè ti dé o! Oyè á mọ́rí, bàtà á pẹ́ lẹ́sẹ̀…" Ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé nìyẹn. Ìyókù, ẹ̀rù ló kọ́ mi: "…ọwọ́ ò gbọdọ̀ pẹ́ lápò!" Mo fi kọ̀ǹgọ́ júwe àpò ọ̀hún kó lè yé wọn.

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ọwọ́ jáde. Ó lẹ náírà 200 mọ́ mi níwájú orí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi létí: "Èwo lo kọ́kọ́ pè mí ná?"

"Olóyè ni, sà."

Ìyá arúgbó tu egungun sílẹ̀. "Mo mọ ohun tí mo gbọ́."