Máàkì Mi Ń Gòkè, Ayé Ò sì Rọ̀ Mí Lọ́rùn

Bí rọpárọsẹ̀ bá ti kọlù yín rí, ẹ ti bá Barthel pàdé, bí ẹ ò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀: ìwọ̀n ohun tí ẹnì kan lè dá ṣe fúnra rẹ̀ ni. Òun ni físíò fi ń bi yín pé: ṣé ẹ lè fọwọ́ ara yín jẹun? Ṣé ẹ lè dá wẹ̀? Ṣé ẹ lè mú ìtọ̀ dúró? Àtẹ̀gùn ńkọ́? Ohun mẹ́wàá ni, àròpọ̀ máàkì rẹ̀ jẹ́ 100. Láti 1965 ló ti wà, ó sì wúlò.

Tèmi ń gòkè, inú àwọn dókítà ń dùn. Èmi ni inú mi ò dùn. Aránṣọ ni mí. Ọwọ́ ọ̀tún tó ti ń di ṣíbí mú dáadáa kò lè ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, Barthel ò sì béèrè ìyẹn. Àwọn tó ṣe é gan-an sọ pé ẹni tó gba 100 lè má lè dá gbé, torí ó lè má lè dáná tàbí tọ́jú ilé.

Nítorí náà, ẹ ní kí wọ́n wọn inú yín náà. PHQ-9 ni wọ́n fi wọn tèmi: ìbéèrè mẹ́sàn-án lórí ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá. Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ràn ṣì ń wù yín ṣe? Oorun ńkọ́? Ṣé ẹ ń rí ara yín bí ẹni tó ti kùnà? Èsì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0 sí 3, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 27. Bó bá ti pé 10, ó yẹ kí dókítà wádìí ìsoríkọ́ dáadáa. Ìbéèrè kẹsàn-án ló le jù, torí ó ń béèrè bóyá ó ń wá sí yín lọ́kàn pé ó sàn kí ẹ kú. Èèwọ̀ ni irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu wa. Bó bá wà nínú yín, ẹ sọ ọ́, ọjọ́ náà gan-an. Nínú ẹni mẹ́ta tí rọpárọsẹ̀ kọlù, bí ẹnì kan ló ń ní ìsoríkọ́. Àìsàn tó ní ìtọ́jú ni, kì í ṣe àìmoore. Mo sọ èyí nítorí àwọn tó ń wá kí mi tí wọ́n ń ní, “Ẹ ṣáà máa dúpẹ́ pé ẹ̀mí wà.” Mo ń dúpẹ́. Inú mi ṣì bàjẹ́.

Ẹ fẹnu ara yín fèsì. Kí dókítà tó béèrè tán, ọmọ mi á ti ní, “Mọ́mì ti ń gbádùn, wọ́n ń jẹun dáadáa.” Ọmọ gidi ni, àmọ́ kò gbé inú mi. Mo rán an lọ ra omi, mo sì sọ tẹnu mi kó tó dé.

Ẹ má sì fi ẹkún nìkan wọn ìbànújẹ́. Ìpolówó ọṣẹ lórí tẹlifíṣọ̀n máa ń pa mí lẹ́kún, láìsí ohun tó dùn mí. Ọpọlọ tó fara pa ló ń fà á, oògùn sì wà fún un. Lọ́jọ́ tí inú mi bàjẹ́ jù, ojú mi gbẹ.

Ìwọ̀n tó wù mí jù, tó ń wọn bí ayé ṣe rí fún ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù, Ìbàdàn ló ti wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn ló ṣe é, HRQOLISP ni wọ́n ń pè é (ẹ bá mi pè é!). Wọ́n lò ó fún àwọn aláìsàn ní Ìbàdàn àti ní Berlin. Yàtọ̀ sí ara, làákàyè, ìmọ̀lára àti àwùjọ, ó ń béèrè ọkàn, ẹ̀mí àti àjọṣe ẹni pẹ̀lú Ọlọ́run. Wọ́n rí i pé rọpárọsẹ̀ ń ba apá ti ara jẹ́ ju apá ti ẹ̀mí lọ. Bó ṣe rí fún mi nìyẹn: àdúrà ò wọ́n lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n eruku ti bo máṣíìnì mi.

Ti ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ yàtọ̀. Àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín àti èyí tó fajú ro wà tó lè nawọ́ sí. Ìwé ìbéèrè míì sì wà fún olùtọ́jú: ṣé ó ń sunkún, ṣé ó ń yẹra fún ojú ènìyàn? Ẹ kọ ohun tí ẹ rí nílé sílẹ̀ kí ẹ tó lọ, torí bí ẹ bá dé iwájú dókítà, “Ara ń yá” ni ẹnu á kọ́kọ́ sọ.