Nọ́ńbà kan, fóònù mẹ́rin: iṣẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé Lágéré

Sátidé àkọ́kọ́

Lágéré ní Ilé-Ifẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ẹ̀gbọ́n mi wà, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Àwọn tó ń gba oníbàárà wà nísàlẹ̀, àwọn tó ń ya iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà wà lókè. Fóònù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń lò, ẹni tí oníbàárà ń wá kì í sì í sábà jẹ́ ẹni tí fóònù dún lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn ṣe é: nọ́ńbà kan, fóònù mẹ́rin, lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń sanwó fún tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun kọ́ nìyí, àmọ́ láti kékeré ni ohùn tó ń gba inú wáyà ti ń wù mí.

Asterisk, ètò kọ̀ǹpútà tó ń so ìpè fóònù pọ̀, tí Mark Spencer bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1999, ni mo lò, ọ̀fẹ́ ni. Raspberry Pi kan, kọ̀ǹpútà kékeré, ló gbé e. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, fóònù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, 101 títí dé 104, ti ń pe ara wọn.

Sátidé kejì

Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì Cat5e, mítà 23 láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó lè tó 100 kó tó di wàhálà. Mo to wáyà tín-ín-rín mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ inú rẹ̀ sí orí rẹ̀ bó ṣe bá ojú mi mu, àwọ̀ ewé pọ̀ mọ́ra, àwọ̀ aró pọ̀ mọ́ra. Ẹ̀rọ ìdánwò tan iná mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, síbẹ̀ ìlà náà ń tiro. Ó gbà mí ní ọ̀sán gbáko kí n tó rí i: ihò kẹta àti ìkẹfà ni wáyà méjì àwọ̀ ewé tí wọ́n lọ́ pọ̀ gbọ́dọ̀ wọ̀, kí àwọ̀ aró wà láàárín wọn. Bí ẹni tí a lọ́ pọ̀ bá pínyà, wáyà á máa gbọ́ ariwo aládùúgbò rẹ̀. Mo gé e, mo tún un ṣe.

Ọjọ́rú

Oníbàárà kan pè, ó fẹ́ ìwé ètò ìsìnkú ogóje. Ohùn já, akọ̀wé gbọ́ ọgọ́jọ. 160 ni wọ́n tẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí: “Àbúrò, ẹnu àwọn èèyàn ń gé bí ẹni tí omi wọ̀ lọ́fun.”

“Ẹ má bínú, sà. Ẹ fún mi di Sátidé.”

Ó dùn mí gan-an. Èdè wa kò gba kí ohùn já. Òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn ló ya ọkọ́ sọ́tọ̀ sí ọkọ̀. Bí ìdajì ọ̀rọ̀ bá sọnù, ìtumọ̀ bá a lọ.

Sátidé kẹta

Mo fi ping, ètò tó ń wọn bí ẹrù ṣe ń pẹ́ tó lórí ìlà, wọ̀n ọ́n. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lo ìlà náà, mílísẹ́kọ́ńdù 48 ni àlọ àti àbọ̀. Mo ní kí wọ́n fi fáìlì kàlẹ́ńdà ránṣẹ́ láti òkè: ó di 900! Àbá G.114 ti ITU, àjọ àgbáyé fún ìbánisọ̀rọ̀, ní kí ohùn má ju 150 lọ ní àlọ nìkan.

Kì í ṣe pé ọ̀nà kéré. Ìpè kan tí a fi G.711, ọ̀nà tí a ń gbà sọ ohùn di nọ́ńbà, gbé ń jẹ kílóbíìtì 87 ní ìṣẹ́jú àáyá, mẹ́rin kò tó 400, ìlà wa sì ń gbé bí 4,600 jáde. Ohun tó ń pa wá ni pé fáìlì ń to ẹrù rẹ̀ jọ síwájú, ohùn wá ń dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ohùn ń lọ ní ẹrù kéékèèké, 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó bá sì pẹ́, dídànù ni, torí ọ̀rọ̀ ti kọjá ibẹ̀. Fáìlì ní tirẹ̀ lè ní sùúrù.

Inú àpótí àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹrù náà ń kó jọ sí, ọwọ́ mi kò sì débẹ̀. Mo wá fi ìjánu sẹ́nu rọ́tà tèmi, tó ń lo ètò OpenWrt: kó má gbé ju kílóbíìtì 4,000 jáde ní ìṣẹ́jú àáyá. Ọ̀dọ̀ mi ni èrò wá ń tò sí báyìí, mo sì lè sọ ẹni tó máa ṣíwájú. Mo ní kí Asterisk fi EF, àmì ẹrù tó ń kánjú, sára ohùn, kí cake, ètò tó ń to èrò nínú rọ́tà, máa yà fún un.

Wọ́n tún fi kàlẹ́ńdà ránṣẹ́. Mílísẹ́kọ́ńdù 61.

Mo délé, mo pe 101 nígbà tí fáìlì ṣì ń lọ, mo ní kí akọ̀wé máa pe iye fún mi. Ogóje, ọgọ́jọ, ọgọ́fà, ogóje. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ mu.

Ó ku bátìrì fún Pi àti rọ́tà, kí ìpè má máa kú bí iná bá lọ. Sátidé tó ń bọ̀ nìyẹn.